Má Gbẹ́ Ẹ Kọjá Ojú Omi

Ogun náà ti pẹ́ débi pé àwọn ọmọ kéékèèké rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá ayé nìyẹn. Ojú ọ̀run, tí àwọn àgbà máa ń gbé ojú sókè sí láti dúpẹ́, ti di ohun tí ènìyàn ń wò bí ẹni tó ń wo ajá tí kò mọ olówó rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, inú àwọn ará ìlú a dùn, nítorí pé bàálù ọ̀tá kì í sábà wá nínú òjò. Bí oòrùn bá ràn, àyà a bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ wo bí ogun ṣe ń yí àdúrà padà lẹ́nu ẹni: a wá ń bẹ Olúwa pé kí ilẹ̀ má mọ́ kedere.

Nínú ilé kan tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdó rélùwéè, ọkùnrin arúgbó kan kò lè jókòó. Sájẹ́ńtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ó ti jagun rí nígbà èwe rẹ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ bọ̀ pẹ̀lú orúnkún kan tí kò ká mọ́. Láti yàrá dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé àgbàlá, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ tó ń bọ̀. Bó bá dé ojú fèrèsé, a wo òkè. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, a tún wo òkè.

“Bàbá Abẹ́rẹ́,” ni ìyàwó rẹ̀ wí láti orí ibùsùn, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀ ń dá mi lágara.”

“Mò ń ronú ni.”

“Ẹsẹ̀ lẹ fi ń ronú?”

Abẹ́rẹ́ ni ọmọbìnrin wọn. Aránṣọ ni, ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn, òun ni wọ́n sì fi ń pe bàbá àti ìyá. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti wà lórí ibùsùn láti ọdún tó kọjá, nígbà tí àìsàn kan mú un láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣì mú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń hun súwẹ́tà fún ọmọkùnrin rẹ̀ tó wà lójú ogun. Ẹsẹ̀ nìkan ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí fèrè ogun bá dún, gbogbo àdúgbò a sáré gun òkè lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àtẹ̀gùn tó lọ síbẹ̀ ga, ó sì tóóró. Wọ́n ti gbìyànjú láti gbé Ìyá lọ lẹ́ẹ̀kan rí. Kí wọ́n tó gùn ún dé ìdajì, bàálù ti dé, ó ti ju bọ́ǹbù, ó sì ti padà lọ mu tíì nílé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn yòókù bá ń sáré, Sájẹ́ńtì a tẹ́ aṣọ sí ilẹ̀ yàrá, a gbé ìyàwó rẹ̀ lé e, a sì dùbúlẹ̀ tì í. Abẹ́rẹ́ náà a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n á di ojú, wọ́n á máa gbàdúrà sínú, ilé á sì máa gbọ̀n lórí wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ ogun kan kan ilẹ̀kùn. Wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kan kọ́rùn, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lójú títì, nítorí pé ọkọ̀ ń dúró dè é. Ọ̀rẹ́ ọmọkùnrin wọn ni.

“Ẹ kú ilé o, Baba. Ọmọ yín ní kí n kí yín. Ara rẹ̀ le. Ó gbọ́ pé bàálù ti ń dé ọ̀dọ̀ yín, ó ní kí ẹ ṣe ibi ìsádi sí àgbàlá, kí ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́, kí afẹ́fẹ́ bọ́ǹbù má baà rí ọ̀nà tààrà wọlé. Ó tún ní...” Ó di ojú bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tó fẹ́ ka ẹsẹ tó kọ́ sórí. “Ó ní, ‘Ẹ má gbẹ́ ẹ kọjá ojú omi.’ Ó ní kí n rí i pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbẹ́ ẹ kọjá ojú omi.”

“Kí ló fà á?” ni Abẹ́rẹ́ béèrè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kò sọ fún mi. A wà lójú ìjà nígbà tó ń sọ ọ́.”

Abẹ́rẹ́ bu omi fún un, ṣùgbọ́n kí ó tó mu ún tán, awakọ̀ ti tẹ fèrè. Ó kí wọn lọ́nà ológun, ó sì sáré lọ.

Sájẹ́ńtì mi orí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro lójú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ àgbàlá wọn, níbi tí òkè ti tẹ́ sílẹ̀, ìsun omi kan wà tí gbogbo àwọn obìnrin àdúgbò ti ń pọnmi. Ojú Omi ni wọ́n ń pè é láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

“Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí,” ó wí fún Abẹ́rẹ́, “bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.” Ó wọ yàrá lọ bá ìyàwó rẹ̀. “Ọmọ rẹ ti ránṣẹ́. Ara rẹ̀ le, ògo fún Ọlọ́run. Ó ní ká gbẹ́ ihò sí àgbàlá, ká má ṣáà dé ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pọnmi.”

“Èé ṣe?”

“Kí àwọn tó ń pọnmi má baà jìn sí i ni, mo rò bẹ́ẹ̀.”

“Ọmọ dáadáa,” ni Ìyá wí, omijé ayọ̀ sì gba ojú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìgbìmọ̀ ogun pé jọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ẹni kẹrin nínú ìgbìmọ̀ náà ni Bíríkìlà, aládùúgbò wọn, ọkùnrin pẹlẹbẹ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń kígbe.

“Sájẹ́ńtì o! Akọni tí í lé ọ̀tá títí ọ̀tá fi ń tọrọ àga! Orúnkún-kan-ò-ká, ó ń lé ẹni tí méjèèjì rẹ̀ ń ká!”

“Wọlé, aláriwo.”

Sájẹ́ńtì mú ẹfun, ó ya àgbàlá sórí pákó ilẹ̀. Ilé rèé. Òkè rèé, lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìsàlẹ̀ rèé, Ojú Omi rèé. Láàárín ilé àti Ojú Omi ni ó fa ìlà gbọọrọ kan sí.

“Bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ nígbà tiwa nìyí. Ihò tó jìn, tó bo ọkùnrin mọ́lẹ̀ tó bá nàró. Àkàbà ní ẹnu rẹ̀. Pákó lórí, erùpẹ̀ lórí pákó.”

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé súwẹ́tà sílẹ̀. “Báwo lèmi ó ṣe gba orí àkàbà?”

“Màá pọ̀n ọ́.”

“Pẹ̀lú orúnkún yẹn?”

“Orúnkún yìí ti gun ohun tó ju èyí lọ.”

“Nígbà tí ẹ gùn ún, ṣé èmi wà lẹ́yìn yín?”

Bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. Sájẹ́ńtì kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹsẹ̀ pa ẹfun tó kọjá ààlà rẹ́, ó ní iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìgbìmọ̀ sì túká.

Wọ́n gbẹ́lẹ̀. Sájẹ́ńtì ń fi díígà dá ilẹ̀, Bíríkìlà ń fi ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ sókè, Abẹ́rẹ́ sì ń fi bárò tì í lọ dà nù. Ilẹ̀ náà rọ̀, ó ń gé bí ọṣẹ. Inú wọn dùn sí i, wọn kò sì bi ara wọn pé èé ṣe tó fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹyẹ bá fò lójijì ni wọ́n ń dúró gbọ́. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè bọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kérora, Sájẹ́ńtì a ju díígà sílẹ̀, a kọjú sí yàrá, títí tí yóò fi mọ̀ pé ọkọ̀ lásán ni.

Omi kò fọn fèrè kí ó tó wá. Erùpẹ̀ kọ́kọ́ pàwọ̀ dà. Lẹ́yìn náà ògiri ihò náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n padà débẹ̀, omi ti gba inú ihò, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ó ń wò wọ́n.

Sájẹ́ńtì sọ ọ́ di ogun ìdótì. Wọ́n fi korobá gbọ́n ọn láti àárọ̀ títí ọ̀sán, wọ́n ń na korobá síra wọn. Bí wọ́n bá gbọ́n ọn dé ìsàlẹ̀, wọ́n á mí, wọ́n á mu omi, wọ́n á yíjú padà, á ti tún kún dé kókósẹ̀.

“Wọ́n ní omi ò lọ́tàá,” ni Bíríkìlà wí, ó ń fún ṣòkòtò rẹ̀. “Ẹni tó pa òwe yẹn ò gbẹ́ ihò sí àgbàlá yìí rí.”

Obìnrin kan tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn lọ sí Ojú Omi dúró, ó wo inú ihò. “Baba Sájẹ́ńtì, Ọlọ́run á san án fún yín o. Ẹ ti gbé omi sún mọ́ wa. Ṣé ká máa pọn ọ́n níbí?”

Ó tún gbé korobá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, oòrùn ràn, fèrè ogun sì dún. Sájẹ́ńtì sáré dé etí ihò pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀. Àkàbà náà ti léfòó. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú omi, kó tó yípadà sínú ilé. Àwọn mẹ́ta dùbúlẹ̀ sí ilẹ̀ yàrá bí ti tẹ́lẹ̀. Bọ́ǹbù bọ́ sí ibùdó rélùwéè. Ilẹ̀ gbé wọn sókè, ó sọ wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ògiri tó wà lókè orí wọn ti sán láti àjà dé ilẹ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ ibi tó sán náà títí.

“Bàbá Abẹ́rẹ́. Bí fèrè bá tún dún, ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Dákẹ́.”

“Mi ò ní dákẹ́. Kí ẹnì kan kú, kí méjì kù, ìyẹn ò burú. Mo ti bá Olúwa mi sọ̀rọ̀. Mi ò bẹ̀rù.”

Sájẹ́ńtì dìde dúró. Ó na ara rẹ̀ tán, ó kó ọwọ́ méjèèjì mọ́ itan, bí ẹni tó dúró níwájú ọ̀gá ológun.

“Gbọ́ mi. Mo búra fún ìjọba nígbà kan, mo sì mú un ṣẹ. Ṣáájú ìyẹn mo ti búra fún ọ níwájú pẹpẹ Ọlọ́run, ìgbà ìlera àti ìgbà àìsàn. Àlùfáà kò bi mí bóyá bàálù yóò wà níbẹ̀. Bí mo bá fi ọ́ sílẹ̀ nínú yàrá yìí tí mo gun òkè náà, kí òkè náà kọ̀ mí. Kí n má lẹ́nu gbàdúrà mọ́ láyé mi.”

“Ẹ má búra bẹ́ẹ̀!”

“Mo ti búra.”

“Èmi ò mọ ìbúra,” ni Abẹ́rẹ́ wí láti ilẹ̀ tó jókòó sí, eruku bo irun rẹ̀. “Mi ò kàn ní lọ ni.” Ó bú sẹ́kún. “Kí la tún fẹ́ ṣe? Gbogbo ohun tí ọmọ yín ránṣẹ́ pé ká ṣe la ṣe. Ó ní, ‘Ẹ má gbẹ́ ẹ kọjá ojú omi.’ A ò kúkú kọjá ojú omi!”

Ìyá yí orí padà. “Kí lo sọ?”

“Mo ní a ò kọjá ojú omi.”

“Rárá. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ogun yẹn sọ. Tún un sọ bó ṣe sọ ọ́.”

“‘Ẹ má gbẹ́ ẹ kọjá ojú omi.’ Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́.”

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀, ẹ̀rín ni, irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín nígbà tí ẹkún bá kọ̀ tí kò jáde.

“Bàbá Abẹ́rẹ́, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ náà ti kọ́ iṣẹ́ kó tó wọ iṣẹ́ ológun?”

“Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ.”

“Iṣẹ́ wo ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe?”

Sájẹ́ńtì kọjú sí ọ̀nà àgbàlá. “Kànga ló ń gbẹ́.”

“Kànga ló ń gbẹ́! Bí àwọn agbẹ́kànga bá ń gbẹ́lẹ̀ lọ, ibi tí omi bá ti kọ́kọ́ yọjú sí wọn, ojú omi nìyẹn. Bó ṣe jìn tó ni ọmọ mi ń wí, kì í ṣe ibi tí a ó gbẹ́ ẹ sí. Ojú Omi tiyín wà ní ìsàlẹ̀ àgbàlá. Ojú omi tirẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wa.” Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí súwẹ́tà. “Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló fi ránṣẹ́. Ẹ wá lọ fi àbọ̀ tiyín kún un, ẹ gbé e wá fún mi bí odindi.”

Sájẹ́ńtì mú fìlà rẹ̀ dé. Ó jáde, ó rìn yí àgbàlá ká, ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó wọlé padà, Bíríkìlà wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹfun sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo gba àṣẹ,” ó wí, “mo sì fi ẹnu ara mi tún un sọ. Bí ọmọ ogun bá ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ mi, màá fìyà jẹ ẹ́. Ìyàwó mi, mo tọrọ àforíjì. Níbo ni kí a gbẹ́ ẹ sí?”

“Èmi ò mọ ilẹ̀,” ni Ìyá wí. “Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò lè gun àkàbà. Ẹ ní bárò. Ibi tí bárò bá lè gbé mi dé láìsọ̀kalẹ̀, láìgòkè, ibẹ̀ ni kí ẹ wá.”

Gbogbo wọn wo ìlà tó wà ní ilẹ̀. Bíríkìlà ló kọ́kọ́ fi ìka sí i. Ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí òkè ti dìde dúró bí ògiri.

“Ká má gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀ mọ́. Ká gbẹ́ ẹ wọnú. Ká gé ara òkè bí ẹni ń gé búrẹ́dì, kí ilẹ̀ rẹ̀ bá ilẹ̀ ilé ìdáná dọ́gba.”

“Òjò tó ń ti orí òkè ṣàn bọ̀ ńkọ́?” ni Sájẹ́ńtì bi í.

“Màá rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì. Màá rẹ́ ẹ títí kò fi ní sí ibi tí kòkòrò lè gbà wọlé.”

“Rárá.” Sájẹ́ńtì ti ń ya nǹkan. “Mo ti bá omi yìí jà, mo ti mọ̀ ọ́n. Bí o bá dí i lọ́nà, yóò kó ara rẹ̀ jọ sẹ́yìn ògiri rẹ, yóò wó o. Ọ̀tá tí a kò bá lè pa, ọ̀nà là á fi hàn án. Kòtò kan lókè, tí yóò gba omi òjò kó tó dé orí ihò, tí yóò darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Gọ́tà kan nínú ihò náà, fún èyí tó bá yọ́ wọlé, kó máa ṣàn jáde lọ sí ìsàlẹ̀.”

“Baba,” ni Bíríkìlà wí, “ṣé ẹ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn?”

“Ìwọ lo gba tèmi. Ta ló ní ká gé búrẹ́dì?”

Ẹnikẹ́ni tó bá rí àwọn ènìyàn wọ̀nyí láàárín àkókò tó tẹ̀ lé e yóò rò pé orí wọn ti dà rú. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń gbọ́ òkè. Wọ́n ń jẹun lórí ìdúró. Nígbà tí wọ́n gé òkè wọlé dé ibi tí erùpẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lábẹ́ ẹsẹ̀, Sájẹ́ńtì na ọwọ́ sókè, ó ní, “Ó tó. Ojú omi rèé.” Wọn kò tún lu díígà sí ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n da àfọ́kù bíríkì àti òkúta wẹ́wẹ́ sí ilẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ga, wọ́n sì jẹ́ kó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ọ̀nà ìta kí omi má baà dúró. Bíríkìlà to òkúta ògiri, ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn ní ìsàlẹ̀ kí òkè lè rí ibi sunkún sí. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn.

Igi tí wọ́n fi bo orí rẹ̀ ni àwọn pákó ńláńlá tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ojú irin rélùwéè tẹ́lẹ̀, tí bọ́ǹbù ti tú ká. Ọ̀gá ibùdó ní kí ẹni tó bá lè gbé e kó o. Wọ́n so okùn mọ́ wọn, wọ́n ń wọ́ wọn gun òkè bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Sájẹ́ńtì wà níwájú, ó ń ké, “Òsì! Ọ̀tún! Òsì!”

“Baba, igi la gbé,” ni Bíríkìlà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, “a ò gbé ìbọn!”

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ ò fi bára mu. Òsì!”

Obìnrin tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níjọ́sí wà lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú korobá rẹ̀. Ó wò wọ́n, ó gbé korobá sílẹ̀, ó sì di ìdí okùn mú láìsọ̀rọ̀.

Abẹ́rẹ́ kó àpò jọ, ó rán wọn, ó tún ìdí wọn rán ní ìlọ́po, ó rọ iyanrìn sí wọn. Àwọn àpò náà ni wọ́n fi mọ odi sí iwájú ẹnu ọ̀nà kí ó lè ṣẹ́ kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n kọ́rọ́ náà fẹ́ dá ogun sílẹ̀ láàárín wọn. Bó bá fún jù, bárò kò ní lè yí. Bó bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ bọ́ǹbù á wọlé. Kò sí ohun tí wọn ó ṣe ju kí wọ́n dán an wò. Bíríkìlà jókòó sínú bárò, ó ká ọwọ́ gbera, ó ṣe ojú bí ti Ìyá.

“Ẹ rọra o,” ó wí ní ohùn obìnrin, “ẹ̀ ń dá mi lágara.”

“Mo gbọ́ ọ!” ni Ìyá ké láti inú yàrá.

Abẹ́rẹ́ tì í wọlé, igun bárò ha àpò, àpò ya, iyanrìn sì dà sínú bàtà Bíríkìlà. Wọ́n sún odi náà. Wọ́n tún tì í. Wọ́n tún sún un. Nígbà tó yá, bárò yí wọlé láìkan nǹkan kan. Sájẹ́ńtì mú díígà, ó lọ hú òkúta ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kúrò nílẹ̀, Ìyá Abẹ́rẹ́ sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ba ilé rẹ̀ jẹ́, ó ń kọ orin ìyìn sókè kí ó má baà sọ̀rọ̀ òdì.

Òjò rọ̀ ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń kó erùpẹ̀ sórí pákó. Nígbà tó dá, oòrùn yọ kedere, kò sí àwọsánmà kan ṣoṣo lójú ọ̀run. Ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ Bíríkìlà lórí ihò náà. Ó gbé ojú sókè, ó ní, “Mi ò fẹ́ràn bí ó ṣe mọ́ yìí.” Kò tíì pa ẹnu dé tí fèrè fi dún.

Abẹ́rẹ́ ti wà nínú yàrá. Sájẹ́ńtì gbé ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn, ó gbé e sínú bárò, ó sì ju aṣọ bò ó. Wọ́n gba ilé ìdáná kọjá, taya bárò kò kọ lu ohunkóhun. Ìró àwọn bàálù náà ti ń bọ̀ láti ọ̀nà odò, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹnì kan ń tẹ̀ láìdánu dúró. Ní kọ́rọ́, Abẹ́rẹ́ yí bárò sọ́wọ́ òsì, ó wọlé. Bíríkìlà fò sílẹ̀ láti orí òkè, ó wọlé tẹ̀ lé wọn. Sájẹ́ńtì ló wọlé kẹ́yìn.

Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Omi òjò ń sunkún láàárín àwọn òkúta, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń bọ́ sínú gọ́tà, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn lọ síta. Sájẹ́ńtì kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ká, ó na ìkejì, ó fi ara rẹ̀ bo orí ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ wúwo,” ni Ìyá wí.

“Mo mọ̀.”

Bọ́ǹbù àkọ́kọ́ jìnnà. Èkejì kò jìnnà. Ẹ̀kẹta, etí wọn kò gbọ́ ọ, ara wọn ló gbọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ kan gbá odi àpò, àwọn àpò náà kérora, iyanrìn fọ́n sínú ihò, pákó orí wọn han lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Erùpẹ̀ tutù bọ́ sí wọn lọ́rùn. Bíríkìlà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ń pe orúkọ Jésù léraléra, kò sì pe nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà, àwọn bàálù lọ. Ó ku omi nìkan tó ń ṣàn nínú gọ́tà.

Nígbà tí fèrè dún pé ewu ti kọjá, Sájẹ́ńtì dìde, ó jáde. Páànù ilé ti ká bí ìwé. Ó gba ilé ìdáná kọjá, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, kò sì lè wọlé. Ògiri tó sán náà ti dà lulẹ̀ láti ìkángun kan dé ìkejì. Bíríkì bo ibùsùn, ó bo ilẹ̀ ibi tí àwọn mẹ́ta máa ń dùbúlẹ̀ sí, ó ga dé itan rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ títí. Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

“Bàbá Abẹ́rẹ́!” ni ohùn kan ké láti inú ihò. “Báwo nilé?”

“Ògiri kan ti wó.”

“Èwo?”

“Ti yàrá wa.”

Ìyá di etí bárò mú. “Ẹ tì mí jáde.”

Abẹ́rẹ́ tì í jáde sínú oòrùn. Ó ti pẹ́ tí ó ti rí ìta kẹ́yìn. Ó dí ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Èéfín wà ní ìsàlẹ̀ ìlú, àwọn ènìyàn sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń pe orúkọ ara wọn. Kò wo ilé. Ó yíjú padà, ó wo ihò tó ti jáde, ó wo orí rẹ̀, níbi tí erùpẹ̀ tuntun ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ nítorí òjò àárọ̀.

“Ẹ gbin nǹkan sí i lórí,” ó wí. “Ilẹ̀ tí kò bá ní gbòǹgbò, òjò ni yóò kó o lọ.”

Sájẹ́ńtì ti jáde wá bá wọn. “Kí la ó gbìn?”

“Ohunkóhun tó bá tètè ń hù.”

Sájẹ́ńtì dé fìlà rẹ̀ padà. Ó rìn lọ sí ẹsẹ̀ òkè, ó tẹ̀ba bí orúnkún rẹ̀ ṣe gbà á láyè, ó fi ọwọ́ méjèèjì hú ìdì koríko kan tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ihò náà.